Àwọn Ìyá Márùn-ún Tó Ṣọ́ Ìkòkò Omi

Tata Ẹfúnlékè, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, kò mọ ìwé, wọn kò bímọ, wọn kò sì gbé ibòmíràn rí yàtọ̀ sí abúlé wa lẹ́bàá Kika. Lẹ́yìn oko iṣu, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ní: àwọn ló ń ṣọ́ ìkòkò omi Òrìṣàńlá. Èmi, Mùsùlùmí ni bàbá mi, mi ò bá wọn bọ ọ́. Ṣùgbọ́n omi yẹn, ta ni kò mu ún?

Tata kì í kàn bù ú fúnni. Wọ́n á kọ́kọ́ ka àwọn ìyá márùn-ún tó ṣọ́ ìkòkò ṣáájú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: ohun tí ìyá náà kọ́ni, àti ibi tó ti ṣìnà. Wúyẹ́wúyẹ́ ni wọ́n fi ń kà á, torí ẹni tó máa jogún ìkòkò nìkan ló gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Mo bi wọ́n nígbà kan pé kí ló dé tí wọ́n ń ka àṣìṣe òkú. Wọ́n ní bí àwọn kò bá kà á, àwọn náà á tún irú rẹ̀ ṣe.

Lọ́dún 1976, láyé Révolution àwọn ológun, ìjọba ní ká lé àjẹ́ jáde. Àwọn kómítè, àwọn ọmọ ìjọba lábúlé, gé ìrókò wa, wọ́n fọ́ ìkòkò. Seidou, tó ń ta epo àtùpà kó tó di délégué, olórí tí ìjọba yàn lé wa, ní kí Tata dárúkọ àjẹ́ mẹ́ta lójú gbogbo wa, kí Tata fúnra wọn lè máa lọ sílé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọkọ̀ kamiọ́n ìjọba á gbé wọn lọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni, níwájú ilé-ìwé. Tata dìde, wọ́n ní àwọn á dárúkọ. Àwọn ìyá àgbà ń wo ilẹ̀. Ìyá mi di ọwọ́ mi mú.

“Ìyá Òjélabí ló gbé ìkòkò tí ẹ fọ́ kalẹ̀. Wọ́n ní kí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ mu omi ká tó béèrè ilé bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n lé adẹ́tẹ̀ kan. Kò dáa.”

Seidou rẹ́rìn-ín, ó ní kámáráàdì ìyá ti ń tú àṣírí.

“Ìyá Ẹfúnwùmí pe adẹ́tẹ̀ náà padà. Ṣùgbọ́n nígbà ọ̀dá, ará ìlú yọ wọ́n lẹ́nu, ni ìyá náà bá tọ́ka sí opó kan pé àjẹ́ ni. Opó náà kú sínú igbó. Òjò kò sì rọ̀. Ìyá Àṣàbí, ẹni kẹta, ló wá sọ pé olùṣọ́ omi yìí kò gbọdọ̀ tọ́ka sí ẹnikẹ́ni mọ́. Seidou, ìyá rẹ mu ún nígbà tó lóyún rẹ. Ta ni kí n tọ́ka sí?”

Seidou kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní ká pàtẹ́wọ́. A pàtẹ́wọ́. Mo rí i pé ẹnu Tata ṣì ń lọ, wọ́n ti dé orí ẹni kẹrin, ṣùgbọ́n a ò gbọ́ nǹkan kan. Èmi náà ń pàtẹ́wọ́ o, mi ò ní purọ́. Ìgbà tí a máa fi dákẹ́, àwọn kómítè ti ń ti Tata sínú kamiọ́n.

Àwọn ìyá àgbà padà sílé wọn lọ́jọ́ yẹn, ìyá mi wà lára wọn. Ní oṣù kejì lẹ́yìn náà, ìròyìn dé pé Tata ti kú. A ò rí òkú wọn sin.

Àwọn kan ti tún gbé ìkòkò kalẹ̀ lábúlé wa báyìí. Wọ́n wá bá mi ní Tchaourou níbi tí mo ti ń ta gàrí, pé kí n kọ́ àwọn ní ohun tí àwọn ìyá sọ. Mo sọ ti mẹ́ta. Wọ́n ní méjì tó kù ńkọ́? Mo ní a ń pàtẹ́wọ́ nígbà yẹn. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n bi mí bóyá kí àwọn ka àtẹ́wọ́ yẹn mọ́ àwọn àṣìṣe.

Mo ní kí wọ́n kà á. Kí wọ́n sì dárúkọ mi, Bintou.