Ìdajì Tí Onílé Dá Padà

Nígbà tí ọrùn mi kò tíì le tó láti ru garawa omi kan délé kó má dà sí mi lára, ilé ayálégbé kan ní Mọ́kọ́lá là ń gbé. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Bí ẹ bá sì rí i pé n kò fi "wọ́n" bọ̀wọ̀ fún baba onílé wa, ẹ ní sùúrù. Ẹ ó gbọ́ ìdí rẹ̀.

Ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ló wà nínú ilé náà. Onílé ti fi irin ká a mọ́, kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ kì í sì í kúrò ní ìbàdí rẹ̀. Yàrá kọ̀ọ̀kan ló ní ìpín tirẹ̀. Garawa mẹ́jọ lójúmọ́ ni tiwa. Ìyá mi ń ṣe ògì tà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ògì inú ọ̀rá lè má mọ̀ pé omi ni ògì ń jẹ bí iná ṣe ń jẹ pápá: omi la fi ń rẹ àgbàdo, omi la fi ń fọ̀ ọ́, omi la fi ń sẹ́ ẹ, omi náà la tún ń dà lé e lórí. Inú ìkòkò ògì yẹn ni owó ilé ìwé èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ń jáde.

Ẹ̀ẹ̀rùn mú, onílé ní omi kò dà dáadáa mọ́, ó gé ìpín gbogbo wa sí ìdajì. Mẹ́jọ wa di mẹ́rin. A kò jiyàn, ta ni yóò bá ẹ̀ẹ̀rùn ṣẹjọ́? Ìyá mi dín àgbàdo kù, àwọn oníbàárà kan sì yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Òjò wá dé, omi ẹ̀rọ ń dà bí ẹni pé wọ́n ń lé e bọ̀. Àwọn ọkùnrin ilé wa, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Ìsẹ́yìn, ará Ṣakí, kó ara wọn jọ lọ bẹ onílé. Ó ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. "Ìdajì ni mo yọ, ìdajì náà ni mo fi kún un. Èmi kì í jẹ ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni." Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wọ́n ń yọ̀ bọ̀ wálé.

Lọ́jọ́ kejì, mo ru garawa kẹfà tán, mo padà lọ fún èkeje, ìyàwó onílé ti fi àgádágodo sí i. Ó ní tiwa ti pé.

Ìyá mi kò pariwo. Nírọ̀lẹ́, wọ́n pe àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn, wọ́n to odidi àgbàdo mẹ́jọ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n yọ ìdajì, ó ku mẹ́rin. Wọ́n mú méjì tó jẹ́ ìdajì mẹ́rin yẹn, wọ́n fi kún un, ó di mẹ́fà. Wọ́n ní, "Ẹ wò ó, ṣé ibi tá a ti bẹ̀rẹ̀ la padà sí yìí?"

Aránṣọ tó jẹ́ àgbà gbogbo wọn wò ó títí. "Ìyá ológì," ló wí, "ìdajì kò lè ju ìdajì lọ. Ẹni tó mú ìdajì tó sì dá ìdajì padà, kí lẹ tún ń wá lọ́rùn rẹ̀?" Òmíràn bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ kí onílé máa wá wẹ̀ fún wọn pẹ̀lú. Ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín.

Ìyá mi ń ṣa àgbàdo wọn nílẹ̀. "Ìdajì odidi ló mú lọ," ni wọ́n wí, "ìdajì àjẹkù ló gbé wá."

Ẹ̀ẹ̀rùn kejì dé, mẹ́fà di mẹ́ta. Òjò dé, onílé tún "dá ìdajì padà," mẹ́ta di mẹ́rin àbọ̀. Ìgbà yẹn lojú wọn tó là. Aránṣọ wá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ó fẹ́ kí ìyá mi ṣáájú wọn lọ bá onílé. Ṣùgbọ́n ìyá mi ti da ojú ìkòkò ògì dé. Ẹ̀gbọ́n mi ti kúrò nílé ìwé, ọ̀dọ̀ aránṣọ yìí gan-an ló ti ń kọ́ṣẹ́.

Bódìjà ni mò ń gbé báyìí, lọ́dọ̀ ọmọ mi. Kànga ẹ̀rọ kan ni gbogbo àdúgbò wa ń lò. Nígbà tí epo jẹnẹrétọ̀ wọ́n, àwọn aṣáájú àdúgbò ní àwọn fi ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún dín wákàtí omi kù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n kọ ọ́ sórí fóònù pé omi wa ti fi ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, pé gbogbo rẹ̀ ti bọ̀ sípò. Kálukú ń pàtẹ́wọ́ lórí fóònù. Ọmọ mi tó ka ìwé ní yunifásítì náà pàtẹ́wọ́.

Mo bi í pé, ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kí ni? Ó ní, "Màámi, wọ́n ti dá a padà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀."

N kò ní fi wọ́n sílẹ̀. Yọ àádọ́ta lára ọgọ́rùn-ún, àádọ́ta ló kù. Ìdajì àádọ́ta yẹn kì í ṣe àádọ́ta, márùndínlọ́gbọ̀n ni. Ohun tí wọ́n bá gé sí ìdajì, ìlọ́po méjì nìkan ló ń dá a padà sípò.

Ayé ti yí, mo gbà. Kọ́kọ́rọ́ ìbàdí ti di fóònù, ìdajì ti di ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, ẹni tí wọ́n ń rẹ́ jẹ kò tilẹ̀ dọ̀bálẹ̀ mọ́, ìka ló fi ń dúpẹ́. Ìpàdé àdúgbò ń bọ̀ ní Sátidé. Mo ti ní kí ọmọ mi ra àgbàdo mẹ́jọ wá fún mi. Bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi kò ní ṣa tèmi nílẹ̀.