Ohùn Gàfárù Lójú Kejì Kásẹ́ẹ̀tì

Kí ẹ má baà máa retí ohun ńlá, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: bí ẹ bá kó gbogbo olórin íímò tó wà ní Minna láyé ọjọ́un jọ, wọn ò ní kún bọ́ọ̀sì kan. Orin wa kì í ṣe orin ijó. Gìtá á máa ké, ẹni tó ń kọrin á máa fi èdè òyìnbó sọ ohun tó ń dùn ún lọ́kàn, bó bá sì dé ibi tó dùn ún jù, á figbe ta. Ṣọ́ọ̀ṣì ò fẹ́ wa, mọ́ṣáláṣí ò fẹ́ wa, kò sì sí olóòótọ́ ènìyàn tó máa pè wá síbi ìkómọ. Nínú gbogbo wa, Àbdùlgàfárù nìkan ló mọ orin ọ̀hún kọ. Àwa yòókù ń pariwo ni.

Limawa, àdúgbò kan ní Minna, ni wọ́n bí i sí. Ará Ìlọrin ni bàbá rẹ̀, Àlùfáà Múdàṣírù, tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Kùránì ní iwájú ilé wọn. Láti kékeré ni Gàfárù ti ń ké Kùránì tí àwọn àgbà tó ń kọjá á dúró gbọ́. Gbogbo ènìyàn ti gbà pé òun ló máa jókòó sí àyè bàbá rẹ̀. Nígbà tó dàgbà, ó ń tún rédíò ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ló gbé rédíò wá fún un tó sì gbàgbé síídì íímò kan sínú rẹ̀. Gàfárù gbọ́ síídì náà títí, kò sì tún sọ̀rọ̀ nípa nǹkan mìíràn mọ́.

Èmi, Fisáyọ̀, ọmọ òṣìṣẹ́ rélùwéè ni mí, ilé wa wà ní Jikpan. Mo ń ta gìtá béèsì ní ṣọ́ọ̀ṣì, Adéagbo sì ń lu dúrọ́ọ̀mù níbẹ̀. Adéagbo ló mú Gàfárù wá sílé wa. Gàfárù ò ní ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá jáde, ló bá fi rédíò àtijọ́ ṣe ọ̀kan, ó sì fi abẹ ya bébà inú sípíkà rẹ̀. Mo bi í pé ṣé orí rẹ̀ pé. Ó ta okùn kan péré, ohùn tó jáde dà bí ti ẹni tó sunkún títí tí ohùn rẹ̀ fi há. Mo lọ gbé béèsì mi wá.

Aṣọ dúdú ló ń wọ̀ nínú oòrùn Minna, tí àwọn ìyá Limawa á máa bi í pé ta ló kú. Ó tún máa ń lé tìróò, bí àwọn olórin íímò ti ń ṣe. Ibẹ̀ ló ń pa mí lẹ́rìn-ín jù, nítorí àwọn àlùfáà náà máa ń lé tìróò lọ́jọ́ Jímọ̀. Àwọn ará àdúgbò rò pé ẹ̀sìn ló wọ̀ ọ́ lára. "Malam ƙarami" ni wọ́n ń pè é, ìyẹn àlùfáà kékeré, òun náà á sì máa dá wọn lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ní 2004, a fẹ́ gba orin rẹ̀ kan sílẹ̀. Gàfárù mú kásẹ́ẹ̀tì wáàsí bàbá rẹ̀ kan tí ojú kejì rẹ̀ ṣófo wá, a sì gba orin náà sójú kejì yẹn. Ó gbé e délé, ó fi í sójú fèrèsé. Ìyá rẹ̀, Sàlíhátù, ń gbálẹ̀, ó rí ìkọ̀wé ọkọ rẹ̀ lára kásẹ́ẹ̀tì, ó dá a padà sínú páálí tó ti wá.

Oṣù Ààwẹ̀ dé. Lẹ́yìn ìrun Alaasari, Àlùfáà fi kásẹ́ẹ̀tì náà sínú rédíò fún àwọn ọmọ kéwú àti àwọn òbí wọn. Wáàsí parí. Rédíò náà sì jẹ́ irú èyí tó máa ń yí sójú kejì fúnra rẹ̀. Bí igbe Gàfárù ṣe gba ilé kan nìyẹn, lẹ́nu ààwẹ̀.

Àlùfáà pa rédíò. Ó pe ọmọ rẹ̀ jáde lójú gbogbo wọn. "Ohùn tí Ọlọ́run fún ọ lo fi ń ké báyìí? Màá gba wáàsí mi lé e. Kò ní kù síbẹ̀."

Gàfárù kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Adéagbo ní Maitumbi. Mo ní ká tún orin náà gbà. Ó ní, "Haba, Fisáyọ̀. Bàbá mi ti pa á rẹ́. Fi sílẹ̀." Kò gbà ká gba orin kankan sílẹ̀ mọ́, ó ní ó di ọjọ́ tí bàbá òun bá pe òun. Ẹnikẹ́ni tó bá ti Limawa bọ̀, á bi í bóyá Àlùfáà dárúkọ òun. Ọdún mẹ́ta ló fi ń bèèrè.

Ní 2007, ọkọ̀ kan kọ lu ọ̀kadà tó gbé e lójú ọ̀nà Maitumbi. Wọ́n sin ín lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó dùn mí débi pé mi ò lè sunkún, inú ló ń bí mi. Ohùn tó dùn tó bẹ́ẹ̀, kò sí níbì kan láyé, àfi bí Àlùfáà ò bá tíì ṣe ohun tó ní òun máa ṣe. Nígbà tí wọ́n ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ tán, mo lọ sí Limawa, mo kúnlẹ̀.

"Bàbá Àlùfáà, ẹ kú ọ̀fọ̀. Kásẹ́ẹ̀tì yẹn ni mo bá wá. Ṣé ẹ ti gba wáàsí lé e?"

Ó wọlé, ó gbé e jáde, ó fi í lé mi lọ́wọ́. Mo yí i padà. Àwọn ike kékeré méjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti ṣẹ́. Ẹni tó bá fi kásẹ́ẹ̀tì dàgbà mọ̀ pé bí a bá ti ṣẹ́ ike yẹn, rédíò ò ní gba ohùn mìíràn lé e mọ́.

"Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo bá a wí yẹn ni mo ṣẹ́ ẹ," ni Àlùfáà wí.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò pè é, bàbá?" Mi ò mọ̀ pé ohùn mi ti lọ sókè.

"Mo ń retí kó rán àgbà kan sí mi láti wá bá a bẹ̀bẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é nílé wa ní Ìlọrin. Ká ní ẹnì kan ṣoṣo ló wá, ǹ bá ti dìde lọ mú un wálé."

Minna la bí gbogbo wa sí. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú wa pé àgbà ni wọ́n máa ń rán. Gàfárù ń dúró de ìpè bàbá rẹ̀, bàbá rẹ̀ náà ń dúró de àgbà tó máa wá bá a bẹ̀bẹ̀.

Ó ní, "Òyìnbó tó ń sọ níbẹ̀ yẹn, mi ò gbọ́ ọ. Kí ni ọmọ mi ń wí?"

Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ bó ṣe rí. "Ó ní ohùn yín lòun ti fi ń sọ̀rọ̀ láti kékeré. Ó ní bóun bá wá lo tòun, ṣé ẹ máa mọ̀ pé òun ni?"

Àlùfáà jókòó sórí ẹní àwọn ọmọ kéwú. Ó fi ọwọ́ bo ojú.

"Mo mọ̀ ọ́n," ló ń wí. "Kó tó yanu tán ni mo ti mọ̀ pé òun ni. Ohùn ìyá mi ló gbé wáyé, kì í ṣe tèmi. Mi ò sì sọ fún un rí."