Àkànlò Èdè Òyìnbó Tí Mo Kọ́ Màmá Ìrẹsà

Olóògbé Tíṣà Àlàbí, tó kọ́ mi níwèé n'Ísàlẹ̀ Ọ̀yọ́, ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé bí òjò bá ń rọ̀ gidi, Òyìnbó á ní ajá àti ológbò ló ń rọ̀. Irú àkànlò èdè bẹ́ẹ̀ lèmi náà ń kọ́ àwọn tó fẹ́ rìnrìn àjò ní àdúgbò Under G, l'Ógbòmọ̀ṣọ́. Èmi alára kò dé ìlú Òyìnbó rí.

Ọjọ́bọ̀ kan nígbà òjò èṣí ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé. Màmá àgbẹ̀ kan láti Ìrẹsà ti fi oṣù mẹ́ta kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ mi, kí wọ́n lè bá ọmọ-ọmọ wọn ní Lọ́ńdọ̀nù sọ̀rọ̀ láìsí ògbufọ̀. Lọ́jọ́ náà, aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n wọ̀ wá. Mo pe ọmọ náà lórí fóònù mi, ojú rẹ̀ yọ, Màmá sì sọ ti ajá àti ológbò láìṣìsọ.

Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. Ó fi èdè Òyìnbó pe àbúrò rẹ̀ pé kó wá gbọ́, pé kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó ní kí Màmá tún un sọ. Nígbà tí Màmá fi máa sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀rín ti kúrò lójú Màmá fúnra wọn.

Lẹ́yìn ìpè náà, wọ́n ní, "Tíṣà, kí lọmọ yẹn ń wí?"

"Ó ní ẹ gbọ́ Òyìnbó dáadáa, màmá."

"Ọmọ mẹ́fà ni mo bí, Tíṣà. Mo mọ ẹ̀rín ẹ̀sín."

Wọ́n ká ìwé wọn, wọ́n lọ, wọn kò sì padà wá mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ká ní ẹ̀yin ni wọ́n bi, kí lẹ̀ bá fi dá wọn lóhùn?