Mọ́kàndínlógún Kì Í Ṣe Ogún

Ọjọ́ tí Àgbà Ilé ní kí wọ́n ka òun sí ènìyàn méjì ni gbogbo ìlú mọ Bàbá Kò-Pé.

Ọ̀rọ̀ ìsinmi ló dá a sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni àwọn aṣòfin fẹ́ fi sinmi. Ẹrù ti wà nínú ọkọ̀, ìyàwó àwọn kan ti ń tẹ fèrè ọkọ̀ níta. Ṣùgbọ́n Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin kì í ṣe ilé ọtí téèyàn kàn lè dìde kúrò níbẹ̀. Ìwé òfin sọ ọ́ kedere pé nínú ọgọ́ta aṣòfin, ogún gbọ́dọ̀ jókòó kí Ilé tó lè fọwọ́ sí ohunkóhun, ìsinmi tiwọn náà sì wà nínú ohunkóhun. Bàbá Kò-Pé ni wọ́n gbà síṣẹ́ láti máa kà wọ́n. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú rẹ́jísítà ńlá lábẹ́ abíyá, ó na ìka, ó kà wọ́n láti ọ̀tún dé òsì, ó tún kà wọ́n láti òsì dé ọ̀tún.

"Mọ́kàndínlógún," ó ní. "Kò pé."

Abẹnugan, tó jẹ́ olórí Ilé, mí kanlẹ̀ lórí àga gíga rẹ̀. "Bàbá, kí ni ìyàtọ̀ mọ́kàndínlógún sí ogún?"

"Orúkọ ẹ̀ ń sọ ọ́ fúnra ẹ̀, sà. Mọ́kàn-dín. Ó dín. Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ ò purọ́ mọ́ ọn."

Ibẹ̀ ni Àgbà Ilé dìde. Òun ló pẹ́ jù nínú wọn, ó ti lo ọdún mẹ́rìnlélógún níbẹ̀, ikùn rẹ̀ sì máa ń wọlé ṣáájú rẹ̀. Ó wẹ ọ̀fun rẹ̀ mọ́.

"Bàbá Kò-Pé, báwo lẹ ṣe kí mi láàárọ̀ yìí?"

"Mo ní ẹ káàárọ̀, sà."

"Ẹ ò ní 'káàárọ̀' lásán?"

"Háà! Ta ló tó bẹ́ẹ̀?"

"'Ẹ' tí ẹ fi síwájú ẹ̀ yẹn, ta là ń kí bẹ́ẹ̀?"

"Àgbà ni, sà. Tàbí èèyàn tó pọ̀."

"Ẹ ṣeun! Ọdún mẹ́rìnlélógún lẹ ti ń kí mi bí ẹni tó pọ̀. Ẹ wá kà mí bí ẹ ṣe ń kí mi. Méjì ni mí. Ogún ti pé, ẹ jẹ́ ká máa lọ!"

Ariwo sọ. Wọ́n ń lu tábìlì, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Bàbá Kò-Pé dúró títí ariwo fi rọlẹ̀.

"Àgbà mi," ó ní, "lẹ́nu mi, ẹ pọ̀. Lórí àga, ẹyọ kan ni yín."

Bí àwọn tó di ẹrù ṣe lọ tú ẹrù nìyẹn, tí gbogbo wọn tún padà wá lọ́jọ́ kejì. Láti ọjọ́ náà ni Àgbà Ilé ti bá a yan odì. Bí Bàbá Kò-Pé bá sọ pé "Ẹ káàárọ̀, sà," Àgbà Ilé á bojú wẹ̀yìn bí ẹni tó ń wá ẹnìkejì rẹ̀, á sì kọjá lọ láìdáhùn.

Bí ẹ bá sì gbọ́ tí mò ń pe Bàbá Kò-Pé, olóògbé, ní "ó" dípò "wọ́n", ẹ má sọ pé n ò lẹ́kọ̀ọ́. Ọkùnrin yìí ò ní gbà kí n ka òun ju ẹyọ kan lọ.

Kò sí ọgbọ́n tí wọn ò dá sí i lára. Aṣòfin kan wà tó fẹ́ràn láti máa yọ́ jáde lọ wo bọ́ọ̀lù. Á fi kóòtù kọ́ ẹ̀yìn àga, á gbé fìlà lé e lórí, téèyàn bá wò ó láti òkèèrè, á ní ọkùnrin kan ló dorí kodò tó ń ronú ọ̀rọ̀ ìlú. Bàbá Kò-Pé lọ bá kóòtù náà, ó tẹríba.

"Ẹ káàsán, sà."

Kóòtù ò fọhùn.

"Ẹ kú ìjókòó, sà."

Kóòtù dákẹ́ lọ gbári. Ni bàbá bá yíjú sí Abẹnugan. "Sà, ẹni téèyàn kí tí kò dáhùn, yálà inú ń bí i, tàbí kò sí ńbẹ̀. Èmi ò sì rántí ohun tí mo fi ṣẹ kóòtù."

Ti àwọn tó ń sùn ńkọ́? Oníròyìn kan bi í léèrè bóyá ó tọ̀nà kó máa ka àwọn tó ń han-run mọ́ àwọn tó jókòó. Ó wo oníròyìn náà láti òkè délẹ̀. "Òfin ní kí wọ́n jókòó. Kò ní kí wọ́n lajú. Ọjọ́ tí òfin bá ní kí wọ́n lajú, ká kúkú ti Ilé pa." Síbẹ̀, òfin kan náà ló dá wàhálà sílẹ̀ lọ́jọ́ tí mínísítà kan ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ títì àti gọ́tà. Wákàtí kejì ló wà, Ilé sì pé géérégé, ogún wà níjókòó. Aṣòfin kan tí oorun ti gbé lọ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lórí àga díẹ̀díẹ̀, títí tó fi na gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì, tó sì ń sùn lọ.

"Mọ́kàndínlógún!" Bàbá Kò-Pé ké láti ẹnu ọ̀nà. "Kò pé!"

"Báwo?" Abẹnugan fò dìde. "Ẹnikẹ́ni ò jáde!"

"Kò jáde lóòótọ́, sà. Ó ti dùbúlẹ̀."

Bí mínísítà ṣe kó ìwé rẹ̀ nílẹ̀ láàárín gbólóhùn nìyẹn. Títí dòní, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí gbólóhùn ọ̀hún ń lọ, kò sì sẹ́ni tó bi í.

Ẹ máà rò pé ibi iṣẹ́ nìkan ló ti ń yọ àwọn èèyàn lẹ́nu. Ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ pé lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá kọ ẹnu ìfẹ́ sí òun, òun rẹ́rìn-ín músẹ́, òun sì rí i pé ètè ọkùnrin náà ń mì. Òun rò pé àdúrà ló ń gbà. Àṣé eyín òun ló ń kà. "Ó sì pé," ìyá náà á ní, á wá la ẹnu kí gbogbo ayé rí i. "Ká ní ó dín kan ni, ta ni ì bá fẹ́ mi!"

Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí. Èyí àbíkẹ́yìn ló di agbẹ̀bí, òun ló sì jogún orí kunkun bàbá rẹ̀ láìku ẹyọ kan. Ilé ìwòsàn kékeré kan lẹ́yìn ìlú ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà náà, òfin ní dókítà nìkan ló lè gún abẹ́rẹ́ tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró fún obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Dókítà tiwọn, Ọjọ́bọ̀ sí Ọjọ́bọ̀ ló ń wá. Ẹ̀jẹ̀ ò sì mọ Ọjọ́bọ̀. Obìnrin mẹ́ta ló kú mọ́ ọmọ yìí lọ́wọ́, abẹ́rẹ́ wà nínú fìríìjì, òfin dì í lọ́wọ́ mú. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, ó ní ó tó. Ọdún mẹ́rin gbáko ló fi ń kan ilẹ̀kùn aṣòfin kan tẹ̀lé òmíràn, títí àbádòfin kan fi wọ Ilé, pé kí agbẹ̀bí náà lè gún abẹ́rẹ́ yẹn. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kíní, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kejì. Kíkà ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló bọ́ sí ọjọ́ tí Ilé fẹ́ túká pátápátá nítorí ìbò. Bí wọn ò bá fọwọ́ sí i lọ́jọ́ náà, àbádòfin á kú pẹ̀lú Ilé tó bí i, ọmọ yìí á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀.

Àwọn aṣòfin ti fọ́n ká, wọ́n ń wá ìbò kiri. Agbẹ̀bí jókòó lókè níbi tí àwọn ará ìlú ti ń wòran, ó di ọwọ́ méjèèjì pọ̀. Bàbá rẹ̀ na ìka, ó kà láti ọ̀tún dé òsì, ó kà láti òsì dé ọ̀tún. Ó tún kà á lẹ́ẹ̀kẹta, ohun tí kò ṣe rí.

"Mọ́kàndínlógún." Ohùn rẹ̀ wọlẹ̀. "Kò pé."

Abẹnugan sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀ wá bá a lẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá, ṣebí ọmọ yín ló wà lókè yẹn?"

"Ọmọ mi ni, sà."

"Ẹ sọ pé ogún. Gbogbo wa á di ojú."

"Ẹ lè di ojú, sà. Ìyẹn ò ní ká pọ̀ sí i."

"Bàbá mi!" Ọmọ náà ti dìde lókè. "Ẹ jọ̀ọ́!" Ọlọ́pàá ní kó jókòó, pé èèyàn kì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Bàbá Kò-Pé ò gbójú sókè. Bóyá bó bá gbójú sókè, ì bá sọ pé ogún.

Òfin gba Ilé láàyè kí agogo fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dún, bóyá ẹni tó kù á dé. Bí agogo ṣe bẹ̀rẹ̀ ni Bàbá Kò-Pé ti rẹ́jísítà mọ́ akọ̀wé Ilé láyà, tó sì ki eré mọ́lẹ̀. Ọkùnrin tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí kó yára rìn rí! Ó sáré kọjá títì, ó já wọ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tó kọjú sí Ilé, ibẹ̀ ló ti rí Àgbà Ilé wọ̀ láàárọ̀, ibẹ̀ náà ló sì ti bá a lórí àga. Apá kan orí rẹ̀ ń dán, irun ṣì wà lápá kejì. Ó ń gbọ́ agogo dáadáa, ojú ló kàn dì.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," bàbá ní, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ẹ̀yin là ń dúró dè."

Àgbà Ilé la ojú kan. "Èmi àti ta ni? Ẹ̀yin ni mo gbọ́."

"Àgbà mi, ẹ má ṣe mí báyìí lónìí. Obìnrin mẹ́ta ti kú mọ́ ọmọ mi lọ́wọ́. Bí ìkẹrin bá kú, n ò mọ ojú tí màá fi wò ó."

"Ṣebí ẹ ní ẹyọ kan ni mí? Kí lẹ fẹ́ fi ẹyọ kan ṣe?"

Bàbá Kò-Pé fọwọ́ nu òógùn ojú rẹ̀. "Lónìí, sà, ẹ ju ogún lọ lójú mi. Ṣùgbọ́n ẹyọ kan péré ni mo nílò nínú yín."

Onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Àgbà Ilé gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín, ikùn rẹ̀ ló tú u fó. Ó dìde tòun ti aṣọ funfun tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn, àwọn méjèèjì sì sáré kọjá títì, ọkọ̀ ń fọn fèrè fún wọn.

Ó ku ìṣẹ́jú méjì kí agogo dákẹ́ nígbà tí wọ́n wọlé. Àgbà Ilé jókòó gbì. Ẹnikẹ́ni á rò pé bàbá á kígbe ogún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Rárá o! Ó gba rẹ́jísítà rẹ̀ padà, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ení. Ení, èjì, ẹ̀ta, ó ń na ìka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí ẹnìkan lè ti yọ́ jáde nígbà tóun ò sí ńlé. Lókè, ọmọ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú.

"Ogún," ó ní. "Ó pé!"

Wọ́n fọwọ́ sí àbádòfin náà, ó di òfin.

Ǹjẹ́ ẹ wá mọ̀ pé inú ọmọ yìí ò dùn? Bí wọ́n ṣe délé ló kojú sí i. "Bàbá mi, ká ní wọ́n ti fá orí bàbá yẹn lánàá ńkọ́? Ẹ̀mí obìnrin ni mo gbé wá, nọ́ńbà lẹ fi dá mi lóhùn."

"Òfin tí mọ́kàndínlógún bá ṣe, adájọ́ kan lè fà á ya," ó ní. "Ọjọ́ tó bá fà á ya, ọwọ́ ẹ ni abẹ́rẹ́ á wà. Ìwọ ni wọ́n á wá mú."

"Ẹ̀yin àti nọ́ńbà yín!" ó ní, ó sì jáde. Oṣù kan àtààbọ̀ ni kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilé bàbá rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ń wá, wọ́n jọ ń jẹun, wọ́n jọ ń ṣeré, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ò tún mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà mọ́. Àìsàn ọjọ́ mẹ́rin ló mú bàbá lọ. Gbogbo wa sunkún, a sì tún ń rẹ́rìn-ín láàárín ẹkún, nítorí kò sẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀ nípa ọkùnrin náà títí kí ẹ̀rín má gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Oṣù méje lẹ́yìn ìsìnkú ni dókítà kan tí òfin abẹ́rẹ́ náà ò tẹ́ lọ́rùn gbé e lọ sílé ẹjọ́. Lọ́yà rẹ̀ ní òfin ọ̀hún ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: gbogbo ìlú ló mọ̀ pé mọ́kàndínlógún ni olùkà kà lọ́jọ́ náà, ó sọ ọ́ sókè, etí gbọ́ ọ. Agbẹ̀bí jókòó sẹ́yìn. Adájọ́ ní kí wọ́n gbé rẹ́jísítà Ilé wá. Akọ̀wé ilé ẹjọ́ ṣí i, ó kà á sókè:

"Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún: mọ́kàndínlógún. Kò pé. Agogo bẹ̀rẹ̀. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjìdínlógún: ogún. Ó pé. A kà á láti orí ení. Wọn kò tíì fá orí aṣòfin kan tán, ṣùgbọ́n òfin kò mẹ́nu ba irun."

Ilé ẹjọ́ rọ́ sẹ́rìn-ín. Adájọ́ pàápàá fi ìwé bo ẹnu. Lọ́yà pa fáìlì rẹ̀ dé. Agbẹ̀bí rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi dorí kodò, ìgbà tó gbé orí sókè, omijé ti bo ojú rẹ̀. Gbogbo ohun tó ń rò ni pé òun ò sọ fún bàbá òun. Òun ì bá ti sọ fún un lọ́jọ́ kan, nídìí oúnjẹ, pé òun ti gbà.

"Màdáámù," adájọ́ ní jẹ́jẹ́, "ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí nǹkan, Olúwa mi," ó ní. "Bàbá mi ló kọ ọ́."