Odò Ń Sùn: Mọ́tò Bàbá Mi àti Afárá Ọ̀wẹ̀nà

Ohun tó mú mi bínú láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn kì í ṣe ariwo, àìsí ariwo ni. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Àkúrẹ́, mò ń ṣa ẹ̀wà, ni mọ́tò bàbá mi yà wọ inú ọgbà tí kò sì ké. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, kò lè tètè yé yín. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, mọ́tò funfun yẹn kì í yà wọlé láì ké. Bí Bàbá bá ti ń yí i nídìí igi máńgòrò, á ké kíìn-ìn, á tún kérora gọ̀ọ̀, ibikíbi tí a bá ti ń ṣeré la ó ti sáré jáde. Igbe yẹn la fi ń mọ̀ pé Bàbá dé. Lọ́jọ́ yẹn ó kàn yọ́ wọlé bí olè ni, Akin àbúrò mi sì sọ̀ kalẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Kí lo ṣe sí mọ́tò Bàbá?"

"Àǹtí mi, mo ti pààrọ̀ ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀. Ẹ wá wò ó."

Mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò. Ẹ gbà mí o! Gbogbo irin tí mo mọ̀ níbẹ̀ ti lọ. Akin ti ra mọ́tò tòkunbọ̀ kan tí tírélà gbá nídìí, tí ẹ̀yìn rẹ̀ rún wómúwómú ṣùgbọ́n tí iwájú rẹ̀ ṣì dá ṣáṣá. Ó wọ́ ọ lọ sí ọgbà àwọn mẹkáníìkì lójú ọ̀nà Oǹdó. Wọ́n tú irin gbọọrọ tó dábùú abẹ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, tòun ti ẹsẹ̀ méjèèjì, tòun ti ṣọ́ọ̀kì àti gbogbo ohun tí sítíárì fi ń yí táyà, wọ́n kó wọn sábẹ́ mọ́tò bàbá mi. Níbi tí ihò kò ti bá ihò mu, wẹ́dà gé irin, ó jó o mọ́ra. Nítorí pé táyà àtijọ́ kò wọ ẹsẹ̀ tuntun, iwájú mọ́tò wọ bàtà ọ̀tọ̀, ẹ̀yìn wọ ọ̀tọ̀, bí ọmọ tó fi ìkánjú múra ilé-ìwé. Sítíárì róbótó tí Bàbá fi ọwọ́ dì títí tó fi ń dán ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pá tó wà nídìí rẹ̀ kì í ṣe tiwa mọ́.

Orí mi gbóná. Mo ní, "Akin, o ò kúkú gé orí Bàbá kúrò nínú fọ́tò, kí o lẹ orí ẹlòmíràn mọ́ ọn!"

Ó ní, "Ẹ fara balẹ̀ ná, Àǹtí mi. Ewu ló wà nídìí ẹ̀."

Ewu bàbá ta ni? Bàbá mi wa mọ́tò yẹn títí ó fi darúgbó, kò sì wà á wọ igbó rí. Ìwé rẹ̀, ikán ti jẹ ẹ́. Aṣọ rẹ̀, ẹbí ti pín in. Mọ́tò yẹn nìkan ló kù bí ó ṣe fi í sílẹ̀, òun nìkan ni mo lè jókòó sínú rẹ̀ kí n sì gbọ́ ohùn ilé wa àtijọ́, àbúrò mi sì ti wá pa á lẹ́nu mọ́. Mo sọ̀rọ̀, mo sọ̀rọ̀, itọ́ gbẹ lẹ́nu mi. Ẹ̀wà tí mò ń ṣà, adìẹ ló bá mi ṣà á tán.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí nígbà náà. Ọmọ Oǹdó ni bàbá mi, tíṣà ni. Ọmọ Àkúrẹ́ ni ìyá mi. Gbogbo Sátidé la máa ń lọ kí ìyá bàbá mi ní Oǹdó. Màmá á jókòó síwájú, èmi àti Akin á wà lẹ́yìn pẹ̀lú iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mọ́tò náà kò ní rédíò, àwa ni rédíò: a ó kọrin, a ó jà, a ó tún kọrin. Òórùn kòkó tí wọ́n sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì á máa gba ojú fèrèsé wọlé. Ṣùgbọ́n bí a bá ti rí afárá Ọ̀wẹ̀nà lọ́ọ̀ọ́kán, Bàbá á gbé ìka kan sókè.

"Ẹ dákẹ́. Odò ń sùn."

Ẹnu gbogbo wa á pa. Mọ́tò á máa wọ́ lọ, á máa kérora, ojú Bàbá á le koko, Màmá á tẹjú mọ́ ọ̀nà. Bí a bá kọjá tán, Bàbá á mí kanlẹ̀, á ní ká máa pariwo wa lọ. Mo fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ yẹn ju gbogbo orin wa lọ. Lójú tèmi, ìdílé wa nìkan ni odò náà fi àṣírí rẹ̀ hàn. Nígbà tí mo bí àwọn ọmọ tèmi, mo fi kọ́ wọn. Títí di òní, bí wọ́n bá wọ mọ́tò èrò kọjá Ọ̀wẹ̀nà, wọ́n á panu mọ́, èrò á sì máa wò wọ́n bóyá ara wọn yá.

Láti ọjọ́ tí a ti sin Bàbá ni Màmá ti kọ mọ́tò náà. Bó bá ń lọ Oǹdó, takisí ló ń wọ̀. Mo ti sọ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn pé ìfẹ́ ni, pé ọkàn rẹ̀ kò lè gba ìjókòó yẹn mọ́. Nítorí náà ẹnu yà mí lọ́jọ́ yẹn nígbà tó jáde síta, tó ti we gèlè, tó ní, "Akin, ṣé o ti parí ẹ̀? Ẹ jẹ́ á re Oǹdó, kí n lọ wo ibojì bàbá yín."

Ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú fúnra rẹ̀. Mo wọ ẹ̀yìn, mo ká apá mọ́ àyà. Mọ́tò ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, kòtò ń kọjá lábẹ́ wa bíi pé kò sí níbẹ̀, ìyẹn gan-an tún ń bí mi nínú. Màmá ń ròyìn ewúrẹ́ aládùúgbò kan tó jẹ búláòsì rẹ̀ lórí okùn. A dé orí afárá, kò dákẹ́. Ó ń bá ewúrẹ́ rẹ̀ lọ, Akin sì ń rẹ́rìn-ín. Ara mi ò gbà á mọ́.

"Màmá! Ọ̀wẹ̀nà rè é! Ẹ dákẹ́, odò ń sùn!"

Ó yíjú wò mí. "Odò wo ló ń sùn? Ìwọ ọmọ yìí, o ṣì gba ìyẹn gbọ́? Irin sítíárì ló ti jẹ tán nígbà yẹn. Bó bá ṣì ń ké, bàbá yín mọ̀ pé ó ṣì so. Bí kò bá ké mọ́, a ti bá odò lọ nìyẹn. Ìdí tí kò fi fẹ́ ariwo yín nìyẹn, kó lè gbọ́ ọ. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, pé kó pààrọ̀ ẹ̀. Ó ní òun ò ní fi irin ẹlòmíràn sábẹ́ mọ́tò òun láéláé. Ọwọ́ mi kan á wà lára ilẹ̀kùn, èkejì á wà lẹ́yìn lọ́dọ̀ yín. Gbogbo Sátidé! Èmi ni mo ní kí Akin yọ ọ́ dànù."

Mo rántí ọwọ́ yẹn. Ó máa ń di orúnkún mi mú títí ojú ìka á fi hàn lára mi. Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré ni.

Ìbínú mi kò rọ̀ o. Ó kàn ṣí kúrò lórí Akin ni, ó lọ bá ẹni tí kò lè dá mi lóhùn mọ́. Nígbà tí a dé ibojì, Màmá ń tu koríko, èmi dúró, mo ní, "Bàbá, ẹ ò ṣe dáadáa. Nítorí irin!" Mo sọ ọ́ sókè ketekete, kò sì sẹ́ni tó bá mi wí.

Ọ̀nà Oǹdó ti yàtọ̀ báyìí. N kò gbóòórùn kòkó lọ́jọ́ yẹn, igbe ìdí igi máńgòrò sì ti lọ, kò ní padà wá mọ́. Mo fẹ́ràn bàbá mi, mo sì ń bínú sí i, àwọn méjèèjì jọ ń gbé inú mi, n ò sì lè lé ọ̀kankan jáde.

Ilẹ̀ ti ń ṣú lọ nígbà tí a padà dé Ọ̀wẹ̀nà. Mo nà síwájú wo Màmá. Ó ti sùn lọ, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí itan rẹ̀. Akin la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Mo gbé ìka kan sókè.

"Dákẹ́," mo ní. "Màmá ń sùn."