Ọkùnrin Tó Bá Mi Tún Kọ̀ǹpútà Ṣe

Tí àwọn èèyàn bá sọ pé ìfẹ́ ló jẹ́ kí ọkùnrin yẹn ṣe ohun tó ṣe, ẹ̀rín ni mo máa ń rín. Ẹ̀rín ẹlẹ́yà ni o. Ìfẹ́ wo? Ṣé ìfẹ́ kì í la ẹnu ni? Gbogbo ìgbà tí mo fi ń fẹ́ ọ̀gbẹ́ni yìí, ìbéèrè kan ṣoṣo tó máa ń bi mí ni "Kí la fẹ́ jẹ?"

Nọ́ọ̀sì ni mí nígbà náà, ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìgándò. Èmi àti ìyá mi la jọ ń gbé nínú yàrá kan àti pálọ̀, lójú ọ̀nà Ìpájà, kò jìnnà sí ibùdókọ̀ Command. Télọ̀ ni ìyá mi; láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wá sí Èkó. Ayé ìgbà náà, gbogbo ọ̀dọ́ Alímọ̀ṣọ́ ló ń fi módẹ́ẹ̀mù há ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà kiri, tí wọ́n ń ṣe bí ẹni pé àwọn ló dá íńtánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀.

Kọ̀ǹpútà tèmi, tòkunbọ̀ ni. Ó dúdú, ó tín-ín-rín, irú èyí tí àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ lókè òkun máa ń há sábẹ́ apá lọ sí ìpàdé. Ó fúyẹ́, kì í pariwo, bátìrì rẹ̀ sì máa ń pẹ́ nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ, ìyẹn ni pé lójoojúmọ́. Ṣé ojú àwọn èèyàn wa rí ìyẹn? Rárá o. Ohun tí wọ́n rí ni pé kò ní ihò tí síídì ń gbà wọlé. Ọjọ́ tí ọ̀gbẹ́ni mi kọ́kọ́ gbé e lọ́wọ́, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Béèbì, níbo ni síídì ń gbà wọ inú ẹ̀? Àbí ààbọ̀ ni wọ́n tà fún ẹ?"

Tirẹ̀ tóbi bí àpótí aṣọ. Ó máa ń gbóná débi pé èèyàn lè fi lọ ṣòkòtò. Fíìmù ló ń fi wò, fíìmù nìkan, ṣùgbọ́n tó bá gbé e lé orí tábìlì báyìí, ẹ óò rò pé ilé iṣẹ́ ìjọba ló fẹ́ darí.

Ẹ̀sùn kejì ni pé kò sí Windows nínú tèmi. Linux ló wà níbẹ̀, ètò ọ̀fẹ́ tí àwọn tó kọ ọ́ fi inú rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè wò ó, kó tún un ṣe, kó sì fún ẹlòmíràn. Dókítà kan tó jẹ́ àgùnbánirọ̀ ní ilé ìwòsàn wa ló fi hàn mí, nítorí pé fáírọ́ọ̀sì ti fẹ́ pa gbogbo kọ̀ǹpútà ibẹ̀ tán. Flash kan ń kó o ran èkejì bí ìgbà tí àpólò bá wọ ilé ìwé. Àwọn ẹ̀njiníà wa sì rèé, oògùn kan ṣoṣo ni wọ́n ní: fọ́máàtì, ìyẹn ni kí wọ́n pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Kọ̀ǹpútà ò sọ̀rọ̀, fọ́máàtì. Kò tètè tàn, fọ́máàtì. Ká ní dókítà ni wọ́n, wọn ì bá máa bẹ́ orí gbogbo ẹni tórí bá ń fọ́.

Mi ò ní purọ́, ojú mi rí màbo níbẹ̀rẹ̀. Módẹ́ẹ̀mù mi kọ̀ jálẹ̀, Linux ò dá a mọ̀. Mo lọ sí káfè ní Ìyànà Ìpájà, mo wá ohun tí àwọn tó ń lò ó kárí ayé ti kọ sílẹ̀, mo dà á kọ sínú bébà, mo wá tẹ̀ ẹ́ nílé, lójú kọ̀ǹpútà tó dúdú, tí lẹ́tà funfun ń sáré lórí rẹ̀. Ọjọ́ tí íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé, mo pariwo débi pé aládùúgbò wa, ìyá aláṣọ funfun kan tó ń ti ilé àdúrà bọ̀, rò pé ejò ni mo rí. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà náà, ó wò mí.

"Ọmọ mi, ṣé kì í ṣe pé o ti ń bá àwọn ọmọ jìbìtì rìn báyìí?"

Ẹ gbọ́ ná! Ọmọ jìbìtì wo ló ń jí lọ sí ibi iṣẹ́ láàárọ̀ kùtù, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ á wú kó tó délé?

Ohun tí mo ń fi kọ̀ǹpútà náà ṣe rèé. Ní ọjọ́ tí àwọn aboyún bá wá gba ìtọ́jú, a ó kọrin, a ó pàtẹ́wọ́, a ó ní ta ló ní ìbéèrè, gbogbo wọn á dákẹ́ kalẹ̀. Ìgbà tí mo bá wá ń yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, tí etí mi sún mọ́ ẹnu wọn, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ máa ń jáde. "Nọ́ọ̀sì, ṣé tí mo bá jẹ ìgbín, ọmọ mi á máa da itọ́?" "Nọ́ọ̀sì, ìyá ọkọ mi ní kí n má rìn nínú oòrùn ọ̀sán, báwo ni mo ṣe fẹ́ wá ta ọjà mi?" Tí mo bá délé, màá kọ ọ̀rọ̀ wọn bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, màá kọ ìdáhùn sí abẹ́ rẹ̀, ní Yorùbá. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ sí ilé ìwòsàn wa, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀. Ta ló ń kà á? Ògiri. Mo ti kọ tèmi fún ọdún mélòó kan, ó ku díẹ̀ kí n gbé e fún atẹ̀wé.

Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ èmi àti ọ̀gbẹ́ni náà wá ku bí ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn ẹbí rẹ̀ máa ti Ìbàdàn wá lọ́jọ́ Sátidé. Ọjọ́ Sọ́ńdè tó ṣáájú, mo wà lẹ́nu iṣẹ́, ló bá wá sílé wa, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá mi.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé laptop rẹ̀. Mo fẹ́ ṣe nǹkan kan tó máa yà á lẹ́nu."

Ìyá mi fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún un. Ó tiẹ̀ fi àǹkárá wé e kí eruku má bàa bà á.

Nígbà tí mo dé nírọ̀lẹ́, ọkùnrin náà ti jókòó sí pálọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ bí ìbejì. Ó ní kí n tan kọ̀ǹpútà mi. Mo tan án. Fọ́tò rẹ̀ ló yọ. Òun nìkan o, ó fi awò dúdú sójú, ó fẹ̀yìn ti mọ́tò tí kì í ṣe tirẹ̀. Windows ti wà níbẹ̀, ayédèrú, irú èyí tí wọ́n ń dà sínú kọ̀ǹpútà gbogbo ayé lábẹ́ agboòrùn ní Ìkòtún.

"Mo ti bá ẹ tún un ṣe," ló wí. "O ti wá ní laptop gidi báyìí."

"Níbo ni àwọn nǹkan mi wà?"

"Nǹkan wo?"

"Ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀."

"Ah, ẹ̀njiníà ní kò sí nǹkan gidi níbẹ̀ jàre. Kò ṣe é ṣí, ló bá fọ́máàtì ẹ̀. Ó tún kó géèmù sí i fún ẹ."

Géèmù! Èmi tí mi ò ráyè jẹun ọ̀sán. Ẹ ó ní, ṣé mi ò ní ẹ̀dà ni? Mo ní in, nínú flash. Òun náà ló yá flash ọ̀hún lóṣù tó ṣáájú, ó da fíìmù ìjà kún un, ó ní òun pa "àwọn pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́" tó wà níbẹ̀ rẹ́ kí àyè lè gbà á. Mi ò sì tíì ráyè da òmíràn síbẹ̀. Mo sunkún lójú rẹ̀, ó rò pé ẹkún ayọ̀ ni.

Mo pe dókítà àgùnbánirọ̀ náà, ó ti padà sí ìlú rẹ̀. Ó júwe bí mo ṣe lè wá ohun tó sọnù. Mo wá a títí ojú fi ń ta mí. Ohun tó jáde kò ju "Nọ́ọ̀sì, ṣé tí mo bá" lọ, ó sì parí síbẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ẹjọ́. Èmi ni wọ́n dá lẹ́bi! Aláìmoore ni mí. Ọkùnrin náà ń sọ ọ́ kiri pé òun ṣe mí lóore, mi ò tiẹ̀ lè dúpẹ́. Ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣé laptop lo fẹ́ bímọ fún ni?" Ìyá mi náà ní kí n mójú kúrò, ire ló ní lọ́kàn, ọkùnrin ò pọ̀ nílẹ̀. Ọkùnrin ò pọ̀ nílẹ̀! Ní Command tí wọ́n pọ̀ débi pé èèyàn ò ríbi kọjá.

Mo bá ara mi sọ ọ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mo ní tí ọkùnrin yìí bá lè bi mí kó tó di Sátidé pé, "Kí ló wà nínú nǹkan tí mo bà jẹ́ yẹn?", màá fẹ́ ẹ, màá sì gbàgbé gbogbo rẹ̀. Mi ò tiẹ̀ ní kó tọrọ àforíjì. Kó ṣáà bi mí. Ó pè mí lójoojúmọ́. Ó béèrè àga tí a máa yá. Ó béèrè bóyá Windows náà ń yá. Ó béèrè bóyá inú mi ti rọ̀. Ó ní, "O lè tún un tẹ̀ ṣá, ṣebí nǹkan ilé ìwòsàn ni."

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, lẹ́yìn ìrun alásárì, mo jókòó sílẹ̀ ní pálọ̀, mo ń pa Windows ayédèrú náà rẹ́, mo ń dá Linux mi padà. Fọ́tò awò dúdú yẹn bá a lọ, ó sì tù mí lára. Ìyá mi wà nídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń rán aṣọ tó fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ó wò mí títí, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ.

"Ìwọ ọmọ yìí, kí ló tiẹ̀ wà nínú nǹkan yìí gan-an?"

Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Nígbà tí mo rí i pé kò rẹ́rìn-ín, mo sọ fún un. Mo sọ ti ìgbín, ìyẹn wá pa á lẹ́rìn-ín, torí òun náà ò fẹnu kan ìgbín nígbà tó lóyún. Mo sọ ti oòrùn ọ̀sán. Mo wá sọ ti obìnrin kan tó ti Ẹ̀gbẹ́dá wá, tó di ọwọ́ mi mú nígbà tí mo fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, tó ní, "Nọ́ọ̀sì, tí inú mi ò bá dùn sí oyún yìí, ṣé ọmọ náà máa mọ̀?"

Ìyá mi fa aṣọ náà kúrò lábẹ́ abẹ́rẹ́, ó ká a, ó gbé e lé itan.

"Kí lo sọ fún un?"

"Mo ní ọmọ ò mọ̀. Mo ní kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ó máa ń ṣe ọ̀pọ̀ obìnrin bẹ́ẹ̀. Mo ní ọwọ́ tó bá gbé e nígbà tó dé ni ọmọ ń mọ̀."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, Màámi."

Ó mí kanlẹ̀. "Gbogbo oṣù tí mo fi lóyún ìwọ ni mo fi ń bi ara mi bẹ́ẹ̀. Mi ò rẹ́ni bi."

Ló bá nawọ́ mú fóònù. Ẹ̀gbọ́n ọ̀gbẹ́ni náà ló pè, obìnrin tó máa ṣáájú wọn wá láti Ìbàdàn. Ó kí i, ó béèrè ilé, ó béèrè ọmọ, bí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe ń ṣe, kó tó sọ pé kí wọ́n dúró ná lórí ọ̀rọ̀ Sátidé. Láti ibi tí mo jókòó sí ni mo ti ń gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n náà, tó ń pariwo pé ṣé nítorí kọ̀ǹpútà ni.

"Ẹ bi àbúrò yín ohun tó wà nínú rẹ̀," ni ìyá mi wí. "Tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ máa bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé."

Wọn ò wá.