Fíìmù Tí Ẹ̀gbọ́n Báńkọ́lé Ya ní Aráròmí

Lánàá, ọmọ ará ilé mi kan ń wo fíìmù lórí fóònù lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, obìnrin inú rẹ̀ sì ń sunkún ọkọ tó kú. Ó ké, ó wó lulẹ̀, ó dìde, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Mo tẹ́tí díẹ̀, mo sì padà sídìí ẹ̀wà mi. Ìyá tèmi náà ṣe opó nínú fíìmù rí, ẹ̀yin ọmọ, ṣùgbọ́n òun kò sunkún.

Aráròmí tí mo dàgbà sí, ẹ ò lè rí i mọ́. Etí òkun gan-an nilé wa wà, ilé pákó tí iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ń jẹ páànù orí rẹ̀ bí kòkòrò ṣe ń jẹ ewé. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́, èéfín á ti gba gbogbo àdúgbò, torí kò sí ilé tí wọn kì í ti í yan ẹja. Aṣọ ilé ìwé wa ń rùn bí ẹja, ìwé wa náà ń rùn bí ẹja. Olùkọ́ wa kan tó wá láti ìlú òkè tó jìnnà sí òkun máa ń sọ pé bí òun bá ti ń máàkì iṣẹ́ wa, ebi á bẹ̀rẹ̀ sí í pa òun.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni Báńkọ́lé. Bàbá rẹ̀ fẹ́ kó di apẹja, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti kúrò létí omi báyìí ni yóò máa bì. Ó bá lọ kọ́ṣẹ́ fọ́tò ní Igbókọ̀dá, ó sì gbé kámẹ́rà fídíò kan dé, tó fi ọ̀rá wé bí ọmọ tuntun. Ó ní òun máa ya fíìmù, ní èdè ẹnu wa gan-an, èdè tó ń pe ọwọ́ ní ọghọ́. Káfíńtà àdúgbò wa di ọba nínú rẹ̀. Olùkọ́ wa di olè tí wọ́n dè lókùn, inú wa dùn débi pé a ò fẹ́ kí wọ́n tú u sílẹ̀. Nígbà míì ariwo òkun á bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, a ó sì tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìyá mi ni Báńkọ́lé fẹ́ kó ṣe ìyàwó apẹja tí kò dé. Bẹ́ẹ̀, kò tíì pẹ́ tí bàbá mi fúnra rẹ̀ lọ sókun tí kò dé, àtòun àtọkọ̀ rẹ̀. Báńkọ́lé wá bá ìyá mi nídìí ẹja.

“Ìyá, tẹ́ ẹ ò bá fẹ́, mo máa wá ẹlòmíì.”

Ìyá mi ń yí ẹja padà, kò gbójú sókè. “Ta lo fẹ́ wá? Ta ló mọ̀ ọ́n jù mí lọ?”

Lọ́jọ́ tí wọ́n ya ibẹ̀, ìyá mi dúró létí òkun. Àwọn èèyàn ń pariwo lẹ́yìn kámẹ́rà pé, “Ẹ sunkún! Ẹ ké!” Kò bojú wẹ̀yìn. Ó ń wo omi bí ẹni ń wo ògiri. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kó àwọ̀n tó wà nílẹ̀, ó sì ń ká a. Kò sẹ́ni tó ní kó ká a. Mo wà láàárín àwọn ọmọdé. Ohun tí mo rántí ni pé iyanrìn gbóná lẹ́sẹ̀ mi.

Báńkọ́lé gbé fíìmù náà lọ sí Èkó. Ọkùnrin tí ń ta fíìmù wò ó, ó ní, “Obìnrin yìí ò mọ eré ṣe. Wá ẹni tó lè sunkún, kẹ́ ẹ sì sọ Yorùbá tó já geere, màá tà á káàkiri.” Báńkọ́lé kó kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wálé. Nígbà tí a bi í, ohun tó sọ kò ju, “Wọ́n ní kí n pààrọ̀ Ìyá.”

Ó bá kó tẹlifíṣàn àti jẹnẹrétọ̀ sínú ọkọ̀, ó ń bì lọ láti abúlé dé abúlé, ó ń fi fíìmù náà han àwọn èèyàn. Mo tẹ̀ lé ìyá mi lọ sí abúlé Abereke. Àwọn obìnrin ń jẹ ẹ̀pà, wọ́n ń fi olùkọ́ olè rẹ́rìn-ín. Nígbà tó kan ìyá mi, wọ́n gbé ẹ̀pà sílẹ̀. Ìyá arúgbó kan ní, “Bó ṣe ń rí nìyẹn.”

Báńkọ́lé ya òmíràn, ó tún ya òmíràn. Kò sí èyí tó kọjá omi wa. Lẹ́yìn náà ni òkun bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ó gbé ilé ìwé, ó gbé ilé wa. Ọ̀sán ọjọ́ kan tí Báńkọ́lé wà ní Igbókọ̀dá ló gbé ilé tirẹ̀, pẹ̀lú gbogbo kásẹ́ẹ̀tì. Ìyá mi ti kú báyìí. Kò sí ibì kankan mọ́, títí kan inú fíìmù, tí mo ti lè rí i kó máa rìn.

Ní Kérésì tó kọjá, mo lọ kí Báńkọ́lé ní Igbókọ̀dá, níbi tó ti ń ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù. Ó fún mi ní àga, ó ra máòtì fún mi mu. Mo bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọ̀rọ̀ àwọn fíìmù yẹn ń dùn yín?”

Ó ń fi etí síńgílẹ́ẹ̀tì nu ojú kámẹ́rà. Ó gbé e sílẹ̀.

“Ó ti dùn mí tán.”

A jókòó bẹ́ẹ̀, à ń wo àwọn tó ń lọ sọ́jà. Aráròmí ti lọ. Àwa tí a mọ bó ṣe rí ò tíì lọ, èdè tí a fi ń sọ ọ́ sì wà lẹ́nu wa. Ọ̀rọ̀ epo ọkọ̀ tó wọ́n la fi èdè náà sọ títí ilẹ̀ fi ṣú.